BÍ ẸṢIN BÁ DÁNI, À Á TÚN UN GÙN NI!
Àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí ìyà kọ́kọ́ jẹ nígbà tí agbára ṣì wà lápá wọn: ta ló dìde, ta ló sùn sílẹ̀?

Òru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè ni, ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2019. Ààwẹ̀ Rámádàánì ń lọ sópin, ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ti ń kanlẹ̀kùn. Ní àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tó jí ṣe sààrì ló kọ́kọ́ rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ tan tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, àwọn aládùúgbò rọ́ wọlé bá a, ẹlòmíì gbé abọ́ sààrì dání wá. Kí ni wọ́n fẹ́ wò? Anthony Joshua ni, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí wọ́n bí sí ìlú Òyìnbó, ṣùgbọ́n tí orírun rẹ̀ wá láti Ṣágámù.

Ìjà 22 ló ti jà, kò sẹ́ni tó nà án rí. Bẹ́líìtì WBA, IBF àti WBO wà lọ́wọ́ rẹ̀. Andy Ruiz tí wọ́n ní kó bá a jà ní New York, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ṣáájú ni wọ́n ranṣẹ́ pè é, torí pé ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú, àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó lo oògùn tí òfin eré ìdárayá kò fẹ́. Ruiz sanra, ikùn rẹ̀ yọ síwájú. Àwọn tó wà nínú yàrá yẹn ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Joshua tètè ṣe é, káwọn lè rí sùn díẹ̀.

Abala kẹta ni Joshua gbé Ruiz lulẹ̀. Ariwo ta! Kí ariwo náà tó rọlẹ̀, Ruiz ti dìde, òun náà gbé Joshua lulẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú abala kan ṣoṣo. Nígbà tó di abala keje, ó tún gbé e lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mìíràn. Rẹfirí wo Joshua lójú, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ìjà parí. Yàrá pa lọ́lọ́. Ẹnì kan rọra dìde, ó ní òun fẹ́ lọ kírun. Bí gbogbo wa ṣe tú ká nìyẹn, bí ẹni ti ilé òkú bọ̀.

ÌYÁ ẸLẸ́LÙBỌ́ BÉÈRÈ Ọ̀RỌ̀

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan nítòsí Tákíè, iṣẹ́ ò lọ. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní Joshua ti tán. Fọganáísà ní owó ló bà á jẹ́, pé ẹni tó ti ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì olówó ńlá, ṣé òun náà ló tún máa jí lọ sáré láàárọ̀? Télọ̀ kan ní ẹ̀ṣẹ́ lásán kọ́, wọ́n ti fi nǹkan sí i ni.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló dá wọn lóhùn. Ó ní kí wọ́n yé pariwo, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún òun, ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ tí wọ́n ń sọ yìí? Wọ́n ní ọmọ ọdún 29 ni. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí òun tó bẹ́ẹ̀, òjò wọ inú àpò èlùbọ́ òun, gbogbo rẹ̀ bu, gbèsè wọ òun lọ́rùn, àwọn èèyàn sì ní òun ti tán. Ó ní ṣé òkú ló wá ń ta èlùbọ́ fún wọn láti àárọ̀ ni?

Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀. Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ ìyá yẹn títí dòní. Torí òun nìkan ló béèrè ohun tó yẹ kéèyàn béèrè. Ẹni tí agbára ti tán lára rẹ̀ tó ṣubú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí egungun rẹ̀ ṣì le, tí ojú rẹ̀ ṣì ríran, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n nà án láyé rẹ̀, ṣé ó yẹ ká ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú kó lè rí ẹni tó máa gbé e. Àgbà ń wo ẹ̀yìn kó lè mọ ohun tó gbé òun ṣubú. Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó wo iwájú, á ní rẹfirí ló pa òun, á ní wọ́n fi nǹkan sí òun lómi. Ẹni tó wo ẹ̀yìn, ó lè padà di èèyàn.

JOSHUA WO Ẹ̀YÌN

Joshua kò lọ mú aláìlágbára kan láti fi tan ara rẹ̀ jẹ. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìyà yẹn, lọ́jọ́ 7 oṣù kejìlá 2019, Ruiz kan náà ló lọ kò lójú, ní Diriyah ní ilẹ̀ Saudi Arabia. Ruiz ti jẹ oyin adé. Ara rẹ̀ tún wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Joshua ní tirẹ̀ fọ́n, ó fúyẹ́. Kò rọ́ lu ọkùnrin náà bíi màlúù mọ́. Ó na ọwọ́ òsì sí i, ó yẹra, ó tún nà án, ó yí i ká. Kò jẹ́ kó sún mọ́ òun. Nígbà tí abala 12 parí, adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Joshua ló borí.

Àwọn kan ní ìjà náà ò dùn, pé kò sẹ́ni tó ṣubú. Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ dá wọn lóhùn! Ẹni tó kọ́kọ́ tajà láwìn tó jẹ gbèsè, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ kó tó wọn ọjà, ṣé ọjà rẹ̀ dùn-ún wò ni? Kò dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n owó ń wọlé.

Ká má purọ́ fún ara wa o. Bẹ́líìtì tó gbà padà kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oleksandr Usyk, ọmọ ilẹ̀ Ukraine, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní London lóṣù kẹsàn-án 2021, ó sì tún nà án ní Jeddah lóṣù kẹjọ 2022. Daniel Dubois gbé e lulẹ̀ ní abala karùn-ún ní Wembley lóṣù kẹsàn-án 2024. Lóṣù kejìlá 2025, ó fi ẹ̀ṣẹ́ dá Jake Paul dúró ní abala kẹfà ní Miami. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ 29 oṣù kan náà, ọkọ̀ tó gbé e ní ìjàǹbá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Òun yè é, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kú. Irú ìṣubú yẹn kọjá ti ẹ̀ṣẹ́. Ọlọ́run ló ń tuni nínú.

Ìdí tí mo fi sọ gbogbo èyí ni pé ẹni tó bá dìde lẹ́ẹ̀kan kò ní kó máà tún ṣubú mọ́. Ohun tí ìdìde àkọ́kọ́ fún un ni ẹ̀rí nínú ara rẹ̀ pé òun mọ ọ̀nà à ń dìde.

AZUMAH KÒ RÍ ẸNI GBẸ̀SAN LÁRA RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Ghana. Azumah Nelson, ọmọ Accra, ti ja ìjà 13, ó sì borí nínú gbogbo rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Lóṣù keje 1982, wọ́n sáré pè é pé kó wá bá Salvador Sanchez, ọmọ Mexico tó jẹ́ ọ̀gá àgbáyé, jà ní New York. Ẹni tí wọ́n ti mú tẹ́lẹ̀ kò lè jà mọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ìjà wáyé. Ta ló ń fi ọ̀sẹ̀ méjì múra ìjà ọ̀gá àgbáyé? Azumah ní òun ń bọ̀.

Ọjọ́ 21 oṣù keje ni wọ́n jà. Azumah ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 24 ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Láyé ìgbà yẹn, abala 15 ni wọ́n ń jà fún bẹ́líìtì àgbáyé. Àwọn tó wá wòran rò pé abala mẹ́ta ló máa parí. Wọ́n jà dé mẹ́wàá, wọ́n jà dé 14, Azumah ṣì dúró. Inú abala 15 gan-an, ìkẹyìn pátápátá, ni Sanchez tó rí i dá dúró. Ìyà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé Azumah gẹ́gẹ́ bí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò olówó iṣẹ́.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Sanchez kú nínú ìjàǹbá mọ́tò. Ọmọ ọdún 23 péré ni. Ẹni tí Azumah ì bá gbẹ̀san lára rẹ̀ ti lọ. Joshua rí Ruiz bá jà padà. Azumah kò rí ẹni kankan. Ìṣòro ńlá lèyí fún ẹni tí wọ́n nà, torí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ tọ̀sán tòru ni kó padà kan ẹni yẹn lẹ́ṣẹ̀ẹ́.

Ohun tí Azumah ṣe ni pé ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò bá òkú jà. Ọdún méjì àti oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 8 oṣù kejìlá 1984, ó lọ bá Wilfredo Gomez nílùú onílùú, ní San Juan ní Puerto Rico, níbi tó jẹ́ pé Gomez ni gbogbo ènìyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀. Àwọn adájọ́ ti ń fi máàkì fún Gomez. Ní abala 11, Azumah gbé e lulẹ̀, Gomez kò lè bá ìjà lọ mọ́. Azumah di ọ̀gá àgbáyé.

Ní 1988, ó tún gba bẹ́líìtì òṣùwọ̀n tó ga ju ìyẹn lọ. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1994, ó tún gbà á padà lóṣù kejìlá 1995 nígbà tó ti di ọmọ ọdún 37. Ẹni tí wọ́n nà ní 1982 nìyẹn o!

ÌBÀDÀN TÍTÍ DÉ LIVERPOOL

Àwọn àgbàlagbà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti ṣe ọ̀dọ́ nígbà òmìnira kò ní gbàgbé Dick Tiger. Richard Ihetu lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ígbò láti Amaigbo ni. Nígbà tó kọjá sí Liverpool ní àárín àwọn ọdún 1950, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà níbẹ̀, wọ́n nà án nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ rò ó wò! Òtútù ń mú un, kò mọ ẹnì kankan, owó kò sí, gbogbo ìjà ló ń pàdánù. Tó bá jẹ́ pé ó kó ẹrù rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ náà, ta ló máa bá a wí?

Kò wálé. Ní 1958, ó gba bẹ́líìtì àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ Ọba Òyìnbó. Ní 1962, ó na Gene Fullmer ní Amẹ́ríkà, ó di ọ̀gá àgbáyé. Nígbà tó wá di ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1963, Fullmer fúnra rẹ̀ wá bá a ní Ìbàdàn, ní Liberty Stadium tí à ń pè ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Abala méje parí, Fullmer kò lè dìde lórí àga rẹ̀ fún ìkẹjọ. Ìjà ọ̀gá àgbáyé, nílẹ̀ Yorùbá wa níbí!

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, Joey Giardello gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Tiger. Ó di 1965 kí Tiger tó gbà á padà lọ́wọ́ Giardello kan náà. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 1966, ó gun òkè lọ sí òṣùwọ̀n tó wúwo jù ú lọ, ó gba tibẹ̀ náà lọ́wọ́ José Torres. Ọkùnrin tó ti pàdánù mẹ́rin léra nìyẹn.

Ọmọ Nàìjíríà mìíràn ni Samuel Peter, ọmọ Akwa Ibom. Lóṣù kẹsàn-án 2005, ó gbé Wladimir Klitschko lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ Klitschko ló borí pẹ̀lú máàkì. Ìyà àkọ́kọ́ Peter nìyẹn. Kò fọwọ́ lẹ́rán. Ó na James Toney lẹ́ẹ̀mejì, ní 2006 àti 2007, ó sì gba bẹ́líìtì WBC lọ́wọ́ Oleg Maskaev lóṣù kẹta 2008. Oṣù méje lẹ́yìn náà ni Vitali Klitschko, ẹ̀gbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ nà án, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Berlin. Wọ́n ti lù ú débi pé kò jáde mọ́ lẹ́yìn abala kẹjọ. Ẹ ò rí i pé ìdìde kò jọra? Ti ẹlòmíì pẹ́, ti ẹlòmíì kò pẹ́.

ẸNI TÓ WÁ ÀWÍJÀRE ÀTI ẸNI TÓ LỌ SÍLÉ

Muhammad Ali náà, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, ọmọ ọdún 29 ni nígbà tí Joe Frazier kọ́kọ́ nà án, lọ́jọ́ 8 oṣù kẹta 1971. Ọjọ́ orí Joshua gan-an. Frazier gbé e lulẹ̀ ní abala 15. Ìjọba ti kọ́kọ́ lé Ali kúrò nínú ẹ̀ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, torí ó kọ̀ láti wọṣẹ́ ológun. Ali dìde lójú ẹsẹ̀, ó parí ìjà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó na Frazier lóṣù kìn-ín-ní 1974, ó sì gba bẹ́líìtì padà lọ́wọ́ George Foreman ní Kinshasa lóṣù kẹwàá ọdún náà.

Foreman ńkọ́? Ìyà àkọ́kọ́ tirẹ̀ nìyẹn ní Kinshasa, ọmọ ọdún 25 ni. Ó wo iwájú bí ọmọdé. Ó ní wọ́n fi oògùn sí omi tí òun mu. Ọ̀rọ̀ yẹn jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ní 1977, ó fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀, ó di oníwàásù. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló padà wá, àwọn èèyàn ń fi í ṣẹ̀sín pé bàbá àgbà ni. Lóṣù kọkànlá 1994, nígbà tó di ọmọ ọdún 45, ó gba bẹ́líìtì àgbáyé padà. Nígbà yẹn, òun àti Ali ti di ọ̀rẹ́. Ogún ọdún ló gbà á kó tó gba adé náà padà.

Naseem Hamed ní tirẹ̀, ọmọ ìlú Òyìnbó tí òbí rẹ̀ wá láti Yemen, ìjó ló máa ń jó wọ ojú ìjà. Marco Antonio Barrera kọ́kọ́ nà án lóṣù kẹrin 2001. Ọmọ ọdún 27 ni. Ìjà kan ṣoṣo ló tún jà lẹ́yìn rẹ̀, ní 2002, ó borí, àwọn èèyàn sì pariwo lé e lórí pé kò dùn. Kò tún jà mọ́. Mi ò bá a wí o. Owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdílé wà nílẹ̀, ara tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní òun kò jà mọ́, ẹ má fi ọ̀kọ̀ gún un nídìí.

NÍ Ọ̀YỌ́ ALÁÀFIN

Nígbà tí mo ń bi àwọn èèyàn lọ́rọ̀ ní Ọ̀yọ́, níwájú Akẹ̀sán, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ kì í ṣe Joshua. Aláàfin Lámídì Adéyẹmí Kẹta ni wọ́n dárúkọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé Ọba yẹn fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ gidigidi? Ó kan ẹ̀ṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, nígbà tó dàgbà náà, ó ń fi ṣe eré ìdárayá kí ara rẹ̀ lè le. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni wọ́n bí i, ní 1938. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá náà ni wọ́n bí Joshua, ní 1989. Ẹ ò rí nǹkan!

Ọba yẹn mọ ìtumọ̀ kí ilé ṣubú. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yọ bàbá rẹ̀, Aláàfin Adéníran Adéyẹmí Kejì, lórí oyè, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Bàbá náà wàjà ní 1960. Ta ló rò pé ilé yẹn á tún gbé adé? Ní 1970, ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́ Ọ̀yọ́, ó sì lo ibẹ̀ fún ọdún tó lé ní 50 kó tó wàjà lóṣù kẹrin 2022.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má jókòó kí ẹ máa gbóríyìn fún Ọ̀yọ́ nìkan. Báwo la ṣe gbọ́ ìtàn ìlú tiwa? Àwọn àgbà ní Ògúnlọlá ọdẹ fi ìbínú lu ẹnì kan, ẹni yẹn kú. Wọ́n dè é, wọ́n mú un lọ bá Aláàfin. Ọkùnrin tó tán ni lójú gbogbo èèyàn. Lákòókò yẹn, jagunjagun kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da Ọ̀yọ́ láàmú. Ògúnlọlá tó wà nínú ìdè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kò ó. Ó lọ, ó gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ wá síwájú Ọba. Wọ́n tú u sílẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tó di Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹni tó ṣubú lẹ́ẹ̀kan ti tán, orí ìdìde ẹni tó ṣubú la tẹ ìlú yín dó sí o!

ṢÙGBỌ́N Ẹ̀ṢẸ́ KÌ Í ṢE ERÉ

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá tó ní ọmọ tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ fara balẹ̀ kà dáadáa rèé. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta 2025, ní Accra, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ọmọ Yorùbá kan, Olúwaṣẹ́gun Ọlánrewájú, ṣubú nínú abala kẹta ìjà rẹ̀. Ọmọ 40 ọdún ni. Ó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ní Nàìjíríà àti ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ó kú. Kò sẹ́ni tó rò pé ibẹ̀ ni yóò kú sí nígbà tó wọlé síjà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, òwe ẹṣin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ní ààlà tirẹ̀. À á tún un gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹṣin dá tí itan rẹ̀ kán, ṣé ọjọ́ yẹn náà ló máa tún un gùn? Ẹni tí wọ́n kàn lórí tó sùn lọ lójú ìjà, ọpọlọ rẹ̀ ti mì nínú agbárí. Ó lè dìde, ó lè máa rẹ́rìn-ín, ó lè ní kò sóhun tó ṣe òun, síbẹ̀ inú kò tíì san. Bí wọ́n bá tún kàn án kó tó san, èkejì máa ń burú ju èkíní lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀ṣẹ́ fi máa ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tó gbà kó jà.

Bí wọ́n bá kọ́kọ́ na ọmọ yín, ẹ wo mẹ́rin yìí. Ìkíní, ọdún mélòó ni, gẹ́gẹ́ bí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ṣe béèrè? Ọmọ 24 àti ọmọ 40 kì í ṣe ẹgbẹ́. Ìkejì, báwo ló ṣe ṣubú? Ẹni tó fi máàkì pàdánù bíi Samuel Peter yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n gbé jáde. Ìkẹta, dókítà wo ló yẹ orí rẹ̀ àti ojú rẹ̀ wò? Kì í ṣe kẹ́mísì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà o, dókítà gidi. Bí orí bá ń fọ́ ọ, bí ó bá ń gbàgbé ọ̀rọ̀, bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ìjà ti parí nìyẹn, ẹ gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹrin, ta ló ń tì í pé kó tètè padà lọ jà? Bó bá jẹ́ ẹni tó máa gba owó lórí rẹ̀ ni, ẹ bi í pé ọmọ tirẹ̀ dà, kó kọ́kọ́ mú un jáde ká wò ó.

Nígbà tí èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dára, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó lọ. Ẹ má máa sọ fún un lójoojúmọ́ pé wọ́n ti nà án. Òun náà mọ̀. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.

Ẹ̀YIN NÁÀ ŃKỌ́?

Bóyá ẹnì kan ń kà á lábẹ́ àga ìtajà rẹ̀, tó ń sọ pé kí ló kan òun nínú ẹ̀ṣẹ́. Ó kàn yín o! Lóṣù kìn-ín-ní 2020, oṣù kan péré lẹ́yìn tí Joshua gba bẹ́líìtì padà, iná jó ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Àwọn tó sùn ní olówó jí ní aláìní. Aṣọ jó, ata jó, owó tí wọ́n kó pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù jó. Àwọn tó lọ wò ó láàárọ̀ ní ọjà ti tán. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún un kọ́, àwọn ìyá wa padà síbẹ̀. Mo rí wọn nígbà tí mo lọ, wọ́n ń nájà, wọ́n ń pe oníbàárà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn máà tíì san gbèsè iná yẹn tán. Ṣùgbọ́n wọ́n wà lẹ́nu ọjà.

Èmi tí mo ń kọ èyí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Nígbà àkọ́kọ́, Ìṣirò gbé mi lulẹ̀. Mo ní olùkọ́ kò fẹ́ràn mi. Ìyá mi ló ní kí n gbé ìwé ìdánwò náà wá ká jọ wo ibi tí mo ti kùnà. Kò mọ̀wé o, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹ̀yìn la ń wò.

Mo tún padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ìtòsí Tákíè ní ìjẹta. Fọganáísà ṣì wà níbẹ̀, télọ̀ ti kó lọ. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní àga rẹ̀. Mo bi ọmọ náà pé ṣé ó rántí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ nípa Joshua. Ó ní òun kò rántí Joshua kankan, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọjà òun bá bàjẹ́ ni ìyá òun máa ń béèrè ọdún tí òun jẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ta lẹ ti rí tí wọ́n ní ó ti tán, tó sì dìde? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa, ẹ jẹ́ ká gbọ́.